Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ni Oògùn Ẹnu Tó Wọ́

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni tọkọtaya yìí ti ń lò láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n: ọkọ ń tún aago ṣe lápá ọ̀tún, ìyàwó ń ránṣọ lápá òsì. Aago bí ogójì ló wà lára ògiri, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan, nítorí aláìsàn ni gbogbo wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀mú tí bàbá fi ń mú irin wẹ́wẹ́ inú aago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Ìyàwó rẹ́rìn-ín.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ̀mú ń sá fún yín ni?"

Bàbá fẹ́ fèsì, ahọ́n rẹ̀ lọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aránṣọ ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sáré dì í mú, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́rẹ̀kẹ́. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnu ti padà sípò.

"Kò sí nǹkan kan," ni bàbá wí. "Ó rẹ̀ mí ni."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ló dín. Mo ti mọ̀."

Ó fa ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣíbí méjì ló ti ń fún un lójoojúmọ́ láti ọdún tó kọjá, dókítà kankan ò sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, ó pinnu pé mẹ́rin ni. Obìnrin yìí fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ débi pé bí bàbá bá sín, òun ni yóò nu imú.

Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àdúgbò wọlé wá gba aago ọwọ́ rẹ̀ tí bàbá ti tún ṣe. Ó rí ṣíbí, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyàwó sì rò ó fún un.

"Mọ̀mí, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀. Ilé ìwòsàn yá, báyìí báyìí."

"Ó ti lọ, ọmọ mi."

"Ó lọ, ó sì lè padà. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ọpọlọ ló dí. Inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn olùṣọ́ wà, tí wọ́n ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ tí à ń mí tó. Irin bíńtín tó wà lára wọn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, ara á balẹ̀. Bí kò bá tó, ariwo á ta: sẹ́ẹ̀lì á máa ṣọ́ ìwọ̀nba tó ní ná, á sì máa ránṣẹ́ pe ẹ̀jẹ̀."

"Irin! Òun náà ló wà nínú oògùn yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu sí i, kí olùṣọ́ lè pọ̀."

"A kì í fọlá jẹ iyọ̀, Mọ̀mí. Irin tó pọ̀jù kì í sọ olùṣọ́ di púpọ̀. Ara ò mọ bó ṣe máa dà á nù, bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bá sì dí, òun gan-an lè máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́."

Ìyàwó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé èmi ni mò ń pa ọkọ mi láti ọdún kan?"

"Rárá o. Ẹ̀ ń tọ́jú wọn, ẹ kàn ò béèrè ni." Nọ́ọ̀sì de aago tirẹ̀ mọ́ ìyàwó lọ́wọ́. "Bó bá tún ṣe wọ́n, ẹ wo àkókò. Àwọn tó wà lára ògiri yẹn, irọ́ ni wọ́n ń pa."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń fi fóònù bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ níwájú, ẹnu tún wọ́, apá ọ̀tún rọ, bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé àyà, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó wo aago.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni dókítà béèrè bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn.

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà."

Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n fún bàbá ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Dókítà ní ká ní wọn ò mọ àkókò ni, àwọn kì bá tí lè fún un. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ bàbá kò dín rárá. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ga, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Lọ́sàn-án, bàbá lajú. Ìyàwó tẹ̀ síwájú, ẹ̀rù ń bà á pé bóyá kò ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́ láyé.

"Aránṣọ mi," ni bàbá wí. Ó fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. 

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí dókítà bá sì kọ ọ́ fún, bí aláboyún, kó má ṣe dá a dúró. Ẹ máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ẹnu bá wọ́, bí apá bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, ẹ wo aago, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bó bá tiẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ẹ má jókòó dúpẹ́. Ẹ dìde, ẹ gbé ẹni yín.