Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Tì Mọ́ Ìyàwó Rẹ̀

Kírí, kọ́! Títí di òní olónìí, ìró kọ́kọ́rọ́ yẹn kò tíì kúrò létí àwọn tó gbélé náà nígbà yẹn. Káfíńtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá tí bàbá rẹ̀ kú sí, òun náà ló sì tì í mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìkà èèyàn!

"Bẹ́ẹ̀ni!" ó jágbe láti ìta. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe obìnrin náà ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn, torí ó gbà pé Jésù ní kí bẹ́ẹ̀ ni Kristẹni jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. "Kí ni bàbá mi sọ kí wọ́n tó kú?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti àbúrò yín lẹ jọ ni ilé yìí."

"Orí ẹ ti dàrú! Lọ́la, níwájú ẹbí, wàá ní èmi nìkan ni wọ́n fún. Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀. Àbí òkú á jí wá já ẹ nírọ́ ni?"

"Ọlọ́run wà níbẹ̀, olówó orí mi."

"Ọlọ́run náà ni kó wá ṣílẹ̀kùn fún ẹ!"

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì olóògbé. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi dábùú fèrèsé. Irọ́ kan péré, ilẹ̀kùn á ṣí. Bó bá sì sòótọ́, ibo ló fẹ́ lọ? Ìyá rẹ̀ kò sí, bàbá rẹ̀ kò sí. Nítorí ta ni gan-an? Nítorí Akọ̀wé! Orúkọ tó fi ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ ọkùnrin náà kò jẹ́ ẹ rí. "Olójú kòkòrò! Ilé wa lo wá jẹ!" ni ọkùnrin náà sọ fún un kó tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun, kò sì kí i mọ́ láti ìgbà náà.

Ó kúnlẹ̀. "Olúwa, ṣé ẹni tó bú mi ni O ní kí n gbè lẹ́yìn? Ó dùn mí o. Àmọ́ Ìwọ lo ní ká má jẹ́rìí èké. Mo gbọ́."

Bó ti ń dìde ni obìnrin kan yọjú ní fèrèsé, ó fi téèpù kọ́rùn.

"Ẹ kú ilé o! Èmi ni mo ń rán kọ́tìnì. Ìyàwó ilé ní kí n wá wọn fèrèsé."

"Èmi ni ìyàwó ilé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi mí ṣeré! Ìyàwó Káfíńtà, èyí tó lóyún ni mò ń sọ. Òun àti ọkọ ẹ̀ ló jọ yan aṣọ. Wọ́n ní bí ẹbí bá ti parí ọ̀rọ̀ lọ́la, àwọn ń kó wọlé. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Ìta ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Haà! Ta ló tì yín mọ́lé?"

"Ọkọ tí ẹ ń bá rán kọ́tìnì ni."

Téèpù bọ́ lọ́rùn obìnrin náà. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi náà ń bọ̀ lọ́la!"

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí pé. Káfíńtà ṣílẹ̀kùn, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá síwájú wọn. Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, bi í pé: "Kí ni àbúrò mi sọ?"

Èṣù kì í sùn! Gbólóhùn kan dé ẹnu rẹ̀: 'Akọ̀wé nìkan ni wọ́n fún.' Ta ló lè já a nírọ́? Ọkọ ọ̀dàlẹ̀ á sì di ẹni ìta lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e mì.

"Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ó ni ín, bàbá."

"Irọ́!" Káfíńtà fò dìde. "Òun àti àbúrò mi ló jọ gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí! Bí mo bá purọ́, kí ojú tì mí níbí!"

"Ojú á tì yín dáadáa!" Aránkọ́tìnì ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ti ìyàwó mọ́lé, ẹ ń rán kọ́tìnì yàrá rẹ̀ fún obìnrin míì!"

Bàbá àgbà na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Káfíńtà yọ ọ́ lápò, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹni tó wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí i," ni bàbá àgbà wí. "Jáde!"

Nígbà tí obìnrin olóyún gbọ́ pé ilé kì í ṣe ti Káfíńtà nìkan, kò dúró gba kọ́tìnì. Àárín pákó ní ìsọ̀ ni Káfíńtà ń sùn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lókè òkun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ wọlé sórí fóònù bàbá àgbà:

"Bàbá, ìyàwó wa lè fi irọ́ gba ilé lọ́wọ́ mi, kò ṣe é, èmi tí mo pè é ní olójú kòkòrò. Ìlàjì tèmi, mo fún un. Kó máa gbébẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tì í mọ́lé mọ́. Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó wa pé Akọ̀wé ló ní kó rí bẹ́ẹ̀."