Ọkọ̀ Òfurufú Tí Kò Gbéra

"Ìwọ má sọ̀rọ̀ rárá. Páànù yìí ni kí o máa mì, kó máa dún bí ẹ̀rọ ọkọ̀." Ọ̀gágun ló ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin wí bẹ́ẹ̀, ó sì fi báírò pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fẹ́ sọ nínú eré rẹ́.

Eré orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣe, nípa ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sáàárín àwọn ìràwọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé-ìwé á gbé ohùn wọn dé gbogbo kíláàsì. Ọmọkùnrin yìí ló ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀ nínú eré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gágun, àṣejù sì ti wọ̀ ọ́. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu awakọ̀, ó gba ti dókítà, ó tún gba ti ọlọ̀tẹ̀ tó yẹ kó bá a jà. Ó wá ku kí òun nìkan máa dìtẹ̀ mọ́ ara rẹ̀!

"Bí eré yìí bá dàrú lónìí, ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ni n ó gbé àkókò yín fún," ni olùkọ́ wọn kìlọ̀ kó tó jáde.

Eré bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ ọkọ̀ mi," Ọ̀gágun gbóhùn sókè, "àwọn ìràwọ̀ ń dúró dè wá. Ẹ gbéra!"

Àbúrò rẹ̀ ti jókòó lórí páànù tó yẹ kó máa sán bí àrá. Awakọ̀ káwọ́ gbera. Dókítà ń wo òrùlé.

"Mo ní ẹ gbéra!"

Kò sẹ́ni tó mira. Ni Ọ̀gágun bá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ariwo ẹ̀rọ ọkọ̀: "Vùùù! Gbì-gbì-gbì!"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ láti kíláàsì dé kíláàsì. Ẹnìkan pariwo lójú fèrèsé pé, "Ọkọ̀ yín ti kú o! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í!"

Inú bí Ọ̀gágun, ó fẹ́ bú àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọmọ náà, ó rí i pé omijé ti fẹ́ bọ́. Ojú wá tì í gan-an.

"Ẹ̀yin ọmọ ọkọ̀," ó rọra sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, "ẹ̀bi mi ni. Mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo yín. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó sì kúrò nídìí ẹ̀rọ fún àbúrò rẹ̀.

"A ti gbọ́, bọ̀dá mi... háà, ọ̀gá mi!" ni ọmọ náà dáhùn. "Láti òní lọ, ẹ máa kọ́kọ́ bi wá léèrè. Awakọ̀, ó yá!"

Páànù sán, gbogbo ilé-ìwé patẹ́wọ́. Wọ́n ṣebí inú eré ni àforíjì náà wà.

Olùkọ́ sáré wọlé. "Ta ló kọ ibi tí ọ̀gá ti tọrọ àforíjì yẹn? Ibẹ̀ ló dùn jù!"

"Gbogbo wa ni, mà," ni Ọ̀gágun dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn dénú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ipò ọ̀gá kì í ṣe ti ẹni tó mọ ariwo pa jù. Ẹni tó bá ń gbọ́ tẹnu àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Ẹni tí kò bá gbọ́, bó pẹ́ bó yá, wọn á ṣọ̀tẹ̀ sí i.