Ọ̀gá Òkè àti Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré

Bàtà pupa ni Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré kọ́kọ́ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ń gbọn èérún igi kúrò lára aṣọ, ló bá gbójú sókè, ó rí i tí bàtà pupa méjì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà kírénì, ẹ̀rọ agbẹ́rù tó ga ju gbogbo ilé àdúgbò lọ. Lẹ́yìn bàtà ló rí ṣòkòtò iṣẹ́, lẹ́yìn ṣòkòtò ló rí akoto tí wọ́n fi ń bo orí. Nígbà tí ẹni náà dé ilẹ̀ tó ṣí akoto, irun dídì yọ lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin ni.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ilé gogoro kan láàárín ìlú, tí gbogbo àdúgbò ń pe ẹni tó ń wa kírénì ní Ọ̀gá Òkè, tí wọ́n sì ń bú u nítorí eruku. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé obìnrin ni.

Obìnrin náà sọdá títì, ó wá tààrà síbi tó dúró sí.

"Ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin ni gbẹ́nàgbẹ́nà?"

"Bàbá mi ni gbẹ́nàgbẹ́nà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré."

Obìnrin náà wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀. Gíga rẹ̀ pọ̀ débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Kékeré ibo?" ni obìnrin náà bi í. Kò dúró gba èsì. "Ìjókòó tó wà nínú kírénì ń jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dùn mí. Ẹ bá mi ṣe nǹkan tí mo lè fẹ̀yìn tì."

"Àfi kí n rí bí ẹ ṣe máa ń jókòó."

Ó jókòó lórí àpótí kan, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni di ọ̀pá ìdarí mú, ó sì ń wo ilẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, òun náà ń wo ibẹ̀. Èérún igi nìkan ló rí.

"Kí lẹ ń wò?"

"Ẹ̀yin ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí yín látòkè. Ẹ máa ń bá igi sọ̀rọ̀."

"Igi kì í fún èèyàn lésì tí ń dunni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ kó tó dìde.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré ṣe ìfẹ̀yìntì náà. Ọ̀gá Òkè gbé e padà wá, ó ní ó ga jù. Ọkùnrin náà tún un ṣe. Obìnrin náà tún gbé e padà, ó ní ó dára jù báyìí, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun lọ lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń jẹun ọ̀sán. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra rẹ̀ a máa sún pákó fún un láti jókòó, a ní ọmọ tó mọ iṣẹ́ ni.

Ilé ń ga sí i, wọ́n ti ń de gíláàsì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá jáde, Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré sọ ọ́ láìgbé ojú sókè.

"Mo fẹ́ràn rẹ o."

"Mo ti mọ̀," ni Ọ̀gá Òkè dá a lóhùn. "Ìgbà tí o tún ìfẹ̀yìntì yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kejì tí o ò bínú ni mo ti mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Kò ga jù rárá nígbà yẹn."

Ayé wọn ń dùn báyìí nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú dé, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà ńlá yí ilé gogoro náà ká. Wọn yóò fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní àyè mìíràn lẹ́yìn ìlú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré dúró de Ọ̀gá Òkè nísàlẹ̀ àkàbà.

"Ṣé o mọ̀?"

Obìnrin náà kò purọ́. "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu fóómàànù. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan."

"O sì ń bá wa jẹun."

"Mò ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ̀ ló le jù. Bàbá ní, "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi jókòó sábẹ́ tèmi, mò ń fún un lóúnjẹ. Kí ọmọ yẹn má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́." Ọ̀gá Òkè kò sì wá mọ́. Kírénì ń yí lókè, Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré kò gbójú wò ó.

Nígbà tí àkókò tó, wọ́n kó gbogbo ẹrù tán, ó ku tábìlì iṣẹ́. Bàbá bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré ló kàn án sínú yàrá náà kí wọ́n tó mọ ògiri iwájú. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, ọkùnrin mẹ́jọ kò sì lè gbé e. Àwọn ará àdúgbò ní kí wọ́n fi ayùn là á sí méjì. Bàbá mú ayùn, ó gbé e lé igi, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti fà á. Ó jókòó, ó dorí kodò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré sọdá títì láìsọ fún un. Ó bá Ọ̀gá Òkè nídìí ẹ̀rọ omi tó ń fọ ọwọ́.

"Mi ò wá jà," ni ọkùnrin náà sọ.

"Ojú rẹ ò jọ ti oníjà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ròyìn fún un. Obìnrin náà ti ẹnu ẹ̀rọ omi. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Ibẹ̀ dùn mọ́ mi, mi ò fẹ́ kó tán ni."

"Ìwọ kọ́ lo fi ọ̀dà kun ògiri. Èmi náà ti bínú kọjá ààlà."

"Bí wọ́n bá ká páànù orí ilé yẹn kúrò, mo lè gbé tábìlì náà gba òkè. Mo máa bẹ ẹnjiníà. Bí ó bá kọ̀, mo máa wá sọ fún ẹ fúnra mi."

Ẹnjiníà kọ́kọ́ kọ̀. Ọ̀gá Òkè tún padà lọ bá a. Nígbà tó yá, ó gbà, bí atẹ́gùn kò bá sí, tí wọ́n bá sì ti títì pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ká páànù náà tán, ewé kan kò mì. Bàbá jókòó sí òdìkejì títì, ó kọ ẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tó gbọ́ ìró ṣéènì ló yíjú padà. Tábìlì náà ń gòkè bọ̀ láàárín ògiri mẹ́rin, èérún igi ọdún pípẹ́ ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó fì díẹ̀ lókè. Ọ̀gá Òkè dúró títí ó fi rọlẹ̀, ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú lọ́rì bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Pẹ́ńsùlù kan tí wọ́n gbàgbé sórí rẹ̀ kò yí.

Bàbá dìde. "Bá mi pè é," ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá Òkè wá, ó mú akoto dání. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú."

"Bàbá mi ló ṣe tábìlì yẹn," ni bàbá wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí abẹ́ rẹ̀ kedere bí ti òní." Ó sún ìjókòó rẹ̀ fún un. "Ṣé o ti jẹun?"

Wọ́n kọ́ ilé gogoro náà parí, wọ́n sì tú kírénì. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Òkè wá sí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ó ní iṣẹ́ ti yọ nílùú mìíràn, ọdún bíi mélòó kan ni.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kékeré ń kan ilẹ̀kùn. "Ṣé ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ níbẹ̀ máa ní ilẹ̀kùn?"

"Ilé wo ni kì í ní?"

"Wọ́n á nílò gbẹ́nàgbẹ́nà nìyẹn. Fẹ́ mi, ká jọ lọ."

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ò dití," ni ohùn kan dáhùn látinú lọ́hùn-ún. "Bàbá lẹ́sẹ̀, ó lè wọkọ̀ wá kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣègbéyàwó ná, kí ẹ tó máa di ẹrù."

Wọ́n ṣègbéyàwó nílé ìyá Ọ̀gá Òkè, àwọn ará àdúgbò àtijọ́ sì wá. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣe bẹ́ẹ̀dì fún wọn. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó lé e síta. Kò kan ìṣó kan sí i, bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó ṣeé tú ló fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ rẹ̀ bi í ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ibi tí wọ́n bá tún ti ń kọ́lé, ẹ tú u, kí ẹ gbé e lọ," ni bàbá wí. "Iṣẹ́ ìyàwó mi kì í dúró sójú kan."