Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Páálí

Orí ẹrù ni Akọ̀wé ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà dúró lókè téńté lórí tírélà tí wọ́n di táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ kún, ó ń ká tapólì díẹ̀díẹ̀ bí ìyá tó ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó sùn. Òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì ga.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù. Bí wọ́n bá ti wọ ọgbà, ariwo ló kù: "Ẹ já ẹrù kíá, ọ̀nà jìn!" Eléyìí ò pariwo. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kí àwọn alábàárù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé ẹrù sí ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu géètì.

Ọmọ kan ṣoṣo tí oníṣọ́ọ̀bù bí ni ọmọbìnrin náà. Símẹ́ǹtì ni o, irin ni o, páànù ni o, òun ló ń gba gbogbo ohun ìkọ́lé tó bá ti ìlú mìíràn wọlé fún bàbá rẹ̀. Kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀, ìyẹn làwọn awakọ̀ fi sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Bàbá sì ti ṣèlérí pé bí ọdún bá yí, òun yóò fa ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, kí òun náà lọ sinmi.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa gba ẹrù?"

"Àbí ẹ rí ẹlòmíì níbí?"

"Mo rí wọn o, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó le lójú tó yín."

Akọ̀wé ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló fipá jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan páálí kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí, torí táìsì tó bá ti fọ́ nínú kì í dún dáadáa. Nínú ẹgbẹ̀ta páálí, kò sí ẹyọ kan tó fọ́.

"Ṣé ẹ wà á ni, àbí ẹ rù ú wá lórí?"

"Ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìgbín ti yà á sílẹ̀ rí níbi tó ti ń gun òkè.

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń wá. Lẹ́ẹ̀kejì, ó mú bírò mẹ́ta dání. "Mo rí i pé ẹ ti jẹ ìdí tọwọ́ yín tán," ló wí. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí fèrè tírélà bá ti dún lókèèrè, Akọ̀wé á sáré lọ wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Ká má purọ́, ìfẹ́ ọkùnrin náà ti kó sí i lórí.

Bàbá rí gbogbo rẹ̀. "Ọmọ mi, ọ̀nà ni ìyálé gbogbo awakọ̀. Ṣé o fẹ́ lọ ṣe orogún títì ni?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa."

"Mò ń wò ó. Màá ṣì máa wò ó."

Ibi tó ti ń wò ó ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ra táìsì aláwọ̀ wàrà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá, tí yóò fi tẹ́ pálọ̀ ilé tuntun rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta táìsì mọ̀ pé orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, kò ní kí àwọ̀ dọ́gba. Bí iná bá ṣe jó lọ́jọ́ tí wọ́n sun ún ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, kí a lè mọ àwọn tí wọ́n jọ sun pọ̀. Nínú páálí, o ò ní mọ̀. Nílẹ̀ pálọ̀, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i.

Bíríkìlà tẹ́ ẹ tán, wọ́n ṣí fèrèsé. Apá kan funfun bí wàrà, apá kejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Agbẹ̀bí ò pariwo. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ ilé yìí." Omijé sì gba ojú rẹ̀.

Bàbá ránṣẹ́ pe Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó gbé ẹrù náà wá, òótọ́ sì yọjú. Níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ọgbọ̀n páálí ti fọ́ létí. Kí Akọ̀wé má baà bá èyí tó fọ́ nínú ẹrù òun, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ wọn láti inú òkìtì mìíràn, kò sì wo nọ́ńbà.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

"Má gbé ẹrù mi mọ́. Má sì jẹ́ kí n rí ẹ nítòsí ọmọ mi."

Ó dìde, kò wo ọ̀dọ̀ Akọ̀wé, ó lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ta ni kíka nọ́ńbà? Iṣẹ́ ẹni tó ń gba ẹrù ni. Lọ́jọ́ tí ẹrù yẹn dé, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń sọ ìtàn màálù kan tó dùbúlẹ̀ sójú títì, tí òun sì dúró dè é títí tó fi sùn tó. Ẹ̀rín ń pa Akọ̀wé. Ó kọ nọ́ńbà páálí àkọ́kọ́, ó sì fa ilà láti òkè dé ìsàlẹ̀ pé bákan náà ni gbogbo yòókù. Òun mọ̀. Ọkùnrin náà mọ̀. Bàbá nìkan ni kò mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò fi lọ lẹ́nu Akọ̀wé. Bó bá sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ fà lé e lọ́wọ́ lè bọ́. Bó bá dákẹ́, ẹni tó fẹ́ràn ti lọ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ojú ń tì í. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé ìwé tó fi ń gba ẹrù lọ síwájú Bàbá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ilà yìí. Èmi ni mo fà á. Mi ò ka nọ́ńbà."

"Kí lò ń wò nígbà yẹn?"

"Ojú rẹ̀ ni mò ń wò."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Ṣé ó mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kó kà á?"

"Awakọ̀ wo ni ò mọ̀?"

"Kò sì sọ."

"Kò sọ."

Bàbá pa ìwé náà dé. "Ṣọ́ọ̀bù ò ní tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ọdún bá yí mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dun Akọ̀wé wọ egungun, ṣùgbọ́n ó gbà á. "Ó yá, bá mi pè é."

Ilé-iṣẹ́ ò sun irú táìsì yẹn mọ́, àfi kí wọ́n wá ọgbọ̀n páálí tí nọ́ńbà wọn bá ti agbẹ̀bí mu káàkiri lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Bàbá gun iwájú tírélà, ó jókòó ti Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gbéra. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Gbogbo wákàtí lọkọ rẹ ń sọ̀kalẹ̀ lọ wo okùn ẹrù. Ó ti sú mi."

"Bàbá, ẹ ní ta ni?"

"Awakọ̀ yẹn ni mo wí." Ó pa fóònù.

Wọ́n rí páálí méjìlá níbì kan, mọ́kànlá níbòmíràn. Méje tó kù, abẹ́ pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n ti bá a lọ́jọ́ karùn-ún, eruku ti bò ó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi ẹ̀wù nu nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó kà á sókè, Bàbá náà tún un kà. Nígbà tí bíríkìlà tún pálọ̀ tẹ́ tán, agbẹ̀bí bọ́ bàtà, ó rìn ín láti ògiri dé ògiri, ó sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Níṣojú Akọ̀wé ni Bàbá ti bi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ léèrè. "Kí ló dé tí o ò sọ pé ọmọ mi náà jẹ̀bi?"

"Bàbá, ẹrù ni mo máa ń gbé wá fún un. Mi ò lè gbé ẹ̀bi wá."

Bàbá mi orí. "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá kí mi," ló wí, ó sì wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Akọ̀wé mi, o gbọ́? Ṣé kí wọ́n wá? Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Omijé ń bọ́ lójú Akọ̀wé, inú sì ń bí i. "O dá ẹ̀bi náà gbé lọ, o fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó ń jẹ mí. Bí o bá tún gbé ẹ̀bi mi rù láìsọ fún mi, mi ò ní fẹ́ ọ."

"Bí mo bá sọ fún ọ ńkọ́?"

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "A ó jọ gbé e."