Àpótí Pupa Inú Kọ̀ǹpútà

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ariwo ìta sì kú fin. Fóòmù ló bo ògiri, aṣọ nípọnnípọn ló wà lójú fèrèsé. Bí ènìyàn bá ké nínú yàrá yẹn, aládùúgbò kò ní gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ ohùn fún àwọn olórin, ti jáde. Jẹ́jẹ́ àti ọmọkùnrin tí gbogbo iléèwé ń pè ní Ohùn-Oyin nìkan ló kù síbẹ̀.

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí àyà Jẹ́jẹ́ fi ń lù kìkì. Bí ọmọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín, ńṣe ló máa ń dà bíi pé oòrùn òwúrọ̀ yọ.

"Ọ̀la ni mo máa kọrin níwájú àwọn tó ń mú ọmọ wọ iléèwé orin," ni Ohùn-Oyin wí, ó fi hẹ́dífóònù bo etí. "Ohùn yìí àti etí yìí nìkan ni ogún mi. Má dójú tì mí o."

Ètò méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe, àwòrán àpótí kéékèèké ló kún ibẹ̀, tí okùn so wọ́n mọ́ra. Bí a bá ṣe so wọ́n ni ohùn ṣe ń yí padà. Èkejì ni atòrin, tó ń sọ ohùn tó máa ṣíwájú àti èyí tó máa tẹ̀lé e. Atòrin á pàṣẹ, àwọn àpótí á dáhùn. Ìyẹn, Jẹ́jẹ́ mọ̀ ọ́n so. Ṣùgbọ́n àpótí pupa kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kìlọ̀ nípa rẹ̀: "Òun ló ń di ohùn mú kó má kọjá ààlà. Má yọ ọ́ láéláé, àbúrò mi. Etí kò ní àrọ́pò."

Jẹ́jẹ́ so ètò méjèèjì pọ̀. Ohùn kan jáde, ó rọra ń kán bí òjò lórí páànù.

"Ó dùn," ni Ohùn-Oyin wí, "àmọ́ ó kéré. Ó dà bí ẹni tí ebi ń pa tó ń kọrin."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Mo sì fẹ́ kí èsì àwọn àpótí yìí padà wọnú atòrin, kí n lè tò ó bó ṣe wù mí. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì ní òun lè ṣe é. Mo ní rárá, Jẹ́jẹ́ mi mọ̀ ọ́n. Àbí o ò mọ̀ ọ́n ni?"

Jẹ́jẹ́ mi! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ẹni tí òun fẹ́ràn rí i pé òun ń bèèrè?

"Mo mọ̀ ọ́n," ló purọ́.

Ó so okùn ìpadà. Kí ohùn náà lè ga bí ọmọkùnrin náà ṣe fẹ́, ó wá na ọfà ojú kọ̀ǹpútà sórí àpótí pupa, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Ṣé ó máa gé ọ jẹ ni?" ni ọmọkùnrin náà wí, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó yọ ọ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé èsì tó bá padà wọnú atòrin á tún di àṣẹ, àṣẹ á tún bí èsì. Ohùn kan di méjì, méjì di ọ̀pọ̀. Ohùn-Oyin kọ́kọ́ di ojú, ó ń mi orí. Lójijì ni ohùn náà ru sókè bí iná tó rí epo. Jẹ́jẹ́ tẹ bọ́tìnì ìdádúró, kọ̀ǹpútà kò gbọ́. Ó tún un tẹ̀. Láti ibi tó jókòó, ó ń gbọ́ bó ṣe ń súfèé nínú hẹ́dífóònù. Ọmọkùnrin náà figbe ta, ó ń já a kúrò lórí, ó sì ṣubú lu ilẹ̀ kí Jẹ́jẹ́ tó fa okùn rẹ̀ yọ.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe náà níta.

"Etí òsì á bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀," ni dókítà etí sọ fún ìyá Ohùn-Oyin. "Ti ọ̀tún ti lọ." Àwọn ará iléèwé orin dé, wọ́n sì lọ, orí ibùsùn ni ọmọkùnrin náà wà.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ kò nà án, kò bú u. "Ṣé o ò rí nọ́ńbà mi pè ni?"

"Mo rí i, bọ̀dá mi."

"Kí ló wá dé?"

"Ojú ló ń tì mí."



Nígbà tí Jẹ́jẹ́ lọ bẹ Ohùn-Oyin wò, apá ọ̀tún rẹ̀ ló jókòó sí. "Dárí jì mí," ló wí. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ." Ọmọkùnrin náà kò yí ojú kúrò lára fèrèsé. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ kàn án léjìká pé ẹnìkan ń bá a sọ̀rọ̀, ló bá yí etí òsì síbẹ̀.

"Kí lo wí?"

Jẹ́jẹ́ kò lè tún un sọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, "n kò mọ̀" kì í ba ìfẹ́ jẹ́. Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Olólùfẹ́ tó bá máa kọ̀ ọ́ torí pé o bèèrè, jẹ́ kó máa lọ. Ó sàn kó lọ ju kó dúró, kí irọ́ rẹ sì ṣe é léṣe.