Ẹkún Tí Bàbá Símẹ́ńtì Fẹ́ Kọ Orúkọ Rẹ̀ Sí

"Ẹ dúró níbẹ̀!"

Ohùn Bàbá Símẹ́ńtì bú bí àrá, òrùlé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lọ. Agogo, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí ohùn rẹ̀, gbórí sókè lára òkú ọmọ tó ń sunkún lé lórí. Òkú náà ò kú o! Ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́bẹ́ ló nà gbalaja sórí tábìlì bí ẹni tó ti kú láti èṣí.

Eré ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí òkè òkun, kí ayé lè rí ohun tí orílẹ̀-èdè wọn lè ṣe lórí ìtàgé. Bàbá Símẹ́ńtì, oníṣòwò tó lówó débi pé bó bá sín, owó ló fi ń nu imú, ló ṣèlérí láti sanwó ọkọ̀ òfurufú wọn. Ikùn rẹ̀ máa ń wọlé jókòó ná kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹkún yìí dáa," ló wí, "ṣùgbọ́n èmi dà nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, sà?" olùkọ́ eré bi í. "Ṣebí iwájú lẹ máa jókòó sí."

"Inú eré ni mo ní! Bí ìyá yẹn bá sunkún tán, kó gbórí sókè, kó ní: 'Bí kì í bá ṣe Bàbá Símẹ́ńtì, ta ni ì bá bá mi sin ọmọ mi? Ilé tí wọ́n bá fi símẹ́ńtì rẹ̀ kọ́ kì í lanu!' Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí kálukú yín fẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè òkun."

Inú bí Agogo débi pé bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi kà á lórí, yóò hó. Olùkọ́ ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Wí i jàre," Pẹ́lẹ́bẹ́ sọ̀rọ̀ láti inú ikú. "Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Gbólóhùn méjì péré!"

Òkè òkun ń wu Agogo lọ́wọ́, ó ń wù ú lẹ́sẹ̀. Ó gbé ìbínú mì.

"Ó dáa. Màá wí i."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí obìnrin tó ń yan eré wá láti òkè òkun, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Agogo sunkún títí ògiri fi fẹ́ bá a sun ún. Àlejò yọ ańkáṣíìfù. Ìgbà náà ni Agogo gbórí sókè: "Bí kì í bá ṣe Bàbá Símẹ́ńtì..."

Ikùn òkú kọ́kọ́ gbọ̀n. Òkú fún ètè pọ̀, ẹ̀rín kò gbà. Òkú bú sẹ́rìn-ín, ó yí gbiri, ó já bọ́ nílẹ̀! Gbogbo èèyàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín fa bọ́tìnnì já lára ọkùnrin kan. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún àlejò, ó ká ańkáṣíìfù rẹ̀, ó dìde.

"Ọmọ burúkú yìí ló bà á jẹ́!" Bàbá Símẹ́ńtì nàka sí Agogo. "Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yin èèyàn!"

"Bàbá," Agogo dá a lóhùn, "ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ sanwó ẹ̀ ni, àbí ẹkún wa lẹ fẹ́ rà? Abiyamọ wo ló ń polówó símẹ́ńtì lórí òkú ọmọ ẹ̀? Mo ṣìwà hù tí mo gbà. Mi ò gbà mọ́! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó. Pẹ́lẹ́bẹ́, padà lọ kú!"

Pẹ́lẹ́bẹ́ sáré lọ kú.

Agogo tún un ṣe láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àlejò sunkún títí ańkáṣíìfù rẹ̀ ò fi gbà á mọ́, ó ní àwọn ni òun yàn. Ṣùgbọ́n Bàbá Símẹ́ńtì ti bínú jáde, ó sì ti kó ìlérí rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ òfurufú fò lọ láìsí wọn níbẹ̀. Pẹ́lẹ́bẹ́ ò bá Agogo sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, Agogo náà sì sunkún nílé, ẹkún tí kì í ṣe ti eré.

Àwọn àgbà ní ká ṣoore ká má lọ́ṣọ̀ọ́ tì í. Bàbá Símẹ́ńtì ò tilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́: ó jókòó lé oore náà lórí títí ó fi tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ràn yín lọ́wọ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n bó bá ní kẹ́ ẹ fi òtítọ́ inú iṣẹ́ yín san án, ẹ kọ̀ fún un lójúkojú, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀tẹ́ bá dé.