Àmì Pupa Lẹ́yìn Àwo Tánńganran

Louise ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, nígbà tí àwa méjèèjì, àgbà obìnrin, jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà tí à ń kọ́ ábídí nílé ìsìn. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá le. Ọwọ́ mi ti le díẹ̀ báyìí.

Ọkùnrin kan wà ní Àjàṣẹ́ tó ń jẹ́ Francisco. Oníṣòwò aṣọ ni, ọmọ Àgùdà, agbéraga sì ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ́ nígbà tí wọ́n ti Bàhíà lókè òkun dé wà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Nítorí náà, yàrá gbọọrọ kan wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń kó epo pupa sí láyé àtijọ́.

Ọdún kejì tí àwọn sójà gba ìjọba ni. Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé ayé àwọn olówó ti parí. Ìgbìmọ̀ àdúgbò ń wá ẹni tí í ṣe ọ̀tá ará ìlú, aládùúgbò sì ń fi ìfura wo aládùúgbò. Ẹni tó gbọ́n ń rọra rìn. Francisco kó àga onígi lásán sí pálọ̀ òkè tí ojú pópó ń rí, ó wá kó ògo ilé wọn lọ sí abẹ́ ilé, kó lè máa gba àlejò tó bá wù ú níbẹ̀.

Ó fi ẹfun kun ògiri. Ó gbé ọ̀pá onífàdákà bàbá bàbá rẹ̀ sí igun kan, ó fi fọ́tò àwọn àgbà kọ́, ó da owó onírin ilẹ̀ òkèèrè sínú ìgò kí àlejò máa rí i wò. Ṣùgbọ́n àwo tánńganran aláró mẹ́fà ni olórí ẹwà ibẹ̀. Célestin káfíńtà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní àdúgbò Houinmè, ló bá a fi wáyà so wọ́n kọ́. Bí àlejò bá bèèrè, Francisco á ní ìyá òun àgbà ló kó wọn ti Bàhíà bọ̀.

Irọ́ ni.

Ní àdúgbò wọn, bí àgbà bá kú nínú ilé kan, àwọn ilé tó yí i ká ni yóò yá a ní àwo tí wọn yóò fi bọ́ àlejò. Kí àwo má baà ṣìlé, ìyáálé kọ̀ọ̀kan a fi ọ̀dà kọ àmì tirẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá Louise ló yá wọn ní mẹ́fà yìí nígbà òkú ìyá àgbà Francisco, àmì tirẹ̀ sì ni ẹ̀kán ọ̀dà pupa mẹ́ta. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọn kò rí wọn mọ́. Àwọn ẹbí ọkọ obìnrin náà ní ó tà wọ́n ni. Orúkọ burúkú yẹn ló bá a wọ sàréè.

Nígbà tí ìyá Francisco ń kú lọ, ó fi àpótí tó kó àwọn àwo náà pamọ́ sí hàn án, ó ní kó dá wọn padà fún oníǹkan. Francisco kò dá wọn padà. Ó kọ ẹ̀yìn wọn sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà, kò sinmi. Bí àlejò bá sún mọ́ ògiri, á gbé ọtí pàdé rẹ̀, á fà á kúrò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kọ́rùn. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta: nítorí ó mọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe, gbogbo ọwọ́ ló ń fura sí.

Lọ́jọ́ kan, ó bá àwo kan tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Louise nìkan ló ń bá a gbálẹ̀ ibẹ̀. Opó ni, yàrá kékeré kan lẹ́yìnkùlé Francisco ló sì ń gbé. Francisco bi í bóyá ó fọwọ́ kan àwo náà. Louise wò ó títí.

"Eruku ni mo nù, Ẹ̀gbọ́n. Eruku pọ̀ lẹ́yìn wọn."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Obìnrin yìí ti rí àmì ìyá rẹ̀. Lójú Francisco, ó dájú pé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ló ń lọ. Kó tó dé ibẹ̀, Francisco ti ṣáájú rẹ̀ dé: ó yọ àwo kan, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lókè, ó lọ sọ pé Louise jí i. Wọ́n ní àwọn á wá wo ògiri náà lọ́la. Bí wọ́n bá dá Louise lẹ́bi, yóò kúrò nínú yàrá rẹ̀, orúkọ olè yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀.

Francisco ránṣẹ́ pe Célestin kó wá jẹ́rìí pé àwo mẹ́fà ni òun so. Célestin jókòó nínú yàrá abẹ́ ilé náà, ó fi fìlà sórí orúnkún.

"Màá jẹ́rìí, Ọ̀gá. Mẹ́fà ni. Ṣé kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn wọn náà?"

Francisco ní kí ló wà lẹ́yìn wọn.

"Ta ló so wáyà mọ́ wọn? Ṣé mo dijú so ó ni? Ìyá tèmi náà yá yín ní àwo nígbà òkú yẹn. Ta ni kò mọ ẹ̀kán mẹ́ta yẹn?"

Gbogbo ayé ni Francisco ti ń ṣọ́, kò rántí ṣọ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ gbé àwo náà lé lọ́wọ́. Ó bínú. Ó bi í pé ta ló rán an níṣẹ́ nínú ìgbìmọ̀, àti ọjọ́ wo ló ti ń ta òun.

Célestin rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bó bá jẹ́ wọ́n rán mi ni, ṣé ibí lẹ ì bá ṣì jókòó sí? Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbàdúrà kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

Ó wá sọ fún un pé òun kọ́ ni ó yẹ kí Francisco bẹ̀rù. Ọlọ́run ti rí ẹ̀yìn àwo kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú rẹ̀. Síbẹ̀, Ọlọ́run kan náà ló rán Ọmọ rẹ̀ wá, tí wọ́n kàn mọ́ igi láàárín olè méjì, èyí tó sì jẹ́wọ́ nínú wọn bá a wọ ìjọba ọ̀run, kò sùn síta lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gá, orúkọ yín wà nínú ìwé ìrìbọmi. Ojú àwo nìyẹn. Jésù ń bèèrè ẹ̀yìn."

Francisco wo fọ́tò àwọn àgbà, ó wo ọ̀pá fàdákà. Kò sí èyí tó lè gbè é. Ó gòkè lọ mú àwo kẹfà wá, ó gbé e kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú káfíńtà tó ti ń fura sí. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Olúwa, èmi ni olè, kì í ṣe Louise. Ṣàánú mi." Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Nígbà tó dìde, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ìgbìmọ̀ àti Louise, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí àwo kọ̀ọ̀kan padà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ti ìyá Louise sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ògo Bàhíà ti wọmi, ó sì kọ orúkọ Francisco sínú ìwé ìgbìmọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù kò bà á. Ó bẹ Louise kó dárí ji òun.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri? Ta lò ń fura sí nítorí ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe? Ẹni tó rí i ti rí i, ó sì tún fẹ́ràn rẹ, ó kú nítorí rẹ. Yí i padà níwájú rẹ̀. Jẹ́wọ́, kí o gba Jésù gbọ́, kí o sì dá ohun olóhun padà. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Òní yìí ni kí o ṣe é, nítorí òní kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí Louise ti ṣe lọ́jọ́ yẹn ni òní ń ṣe.

Louise kó àwo ìyá rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó dì wọ́n mọ́ àyà, ó kọ ojú ẹ̀kán pupa náà síta kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Ó sọ fún Francisco pé òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn, ó bọ́ sójú pópó, ó ń lọ. Kò wẹ̀yìn.